Step sequencer alátẹ

Step sequencer alátẹ jẹ́ ẹ̀rọ orin, tàbí ètò orí kọ̀ǹpútà, tí ó ń fi orin hàn gẹ́gẹ́ bí àtẹ tí a pín sí àpótí kéékèèké. Àwọn àpótí tí ó tẹ̀lé ara wọn láti òsì sí ọ̀tún dúró fún àkókò. Àwọn tí ó wà lórí ara wọn láti ìsàlẹ̀ sí òkè dúró fún gíga ohùn, tàbí fún irú ohun èlò tí yóò dún. Ẹ̀rọ náà a máa ka ìlà òró kan tẹ̀lé òmíràn ní ìyára kan náà. Bí ó bá kan àpótí tí a ti tẹ̀, ìró yóò jáde. Bí ó bá kan èyí tí a kò tẹ̀, yóò dákẹ́. Ìdúró kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣe ni a ń pè ní ìgbésẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ìgbésẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn, yóò padà sí àkọ́kọ́, èyí sì ni ìyípo kan.

Àtúnwí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ olórin ń lò ó láti ṣe ohùn orin tí ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí a gbọ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí a ó gbọ́ ní ìṣẹ́jú karùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó tún àtẹ náà kọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láti ṣe èyí: kí gígùn àwọn ìlà má dọ́gba, kí ẹ̀rọ máa rìn ní ìbú àti ní òró lẹ́ẹ̀kan náà, àti kí a fi ìṣèèṣì sí i. Ìlànà kan náà ni ó so ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: etí nílò ohun kan tí kò yí padà kí ó tó lè mọ̀ pé òmíràn ń yí padà.

Ìtàn

Èrò pé a lè kọ orin sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti ka ti pẹ́ gan-an. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ní ìlú Baghdad, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí a mọ̀ sí Banu Musa ṣe àpèjúwe ẹ̀rọ kan tí ó ń fun fèrè fúnra rẹ̀. Àgbá yíyípo tí ó ní èèkàn kéékèèké lára ni ó ń sọ fún un ìgbà tí ihò fèrè yóò ṣí àti ìgbà tí yóò pa dé. Irú àgbá eléèkàn bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà nínú àpótí olórin tí àwọn ará Yúróòpù ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Bí a bá tẹ́ àgbá náà sílẹ̀ bí ẹní, àtẹ ni yóò jẹ́: èèkàn dúró fún ìró, àlàfo dúró fún ìdákẹ́jẹ́.

Ní àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ iná mànàmáná. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Don Buchla ṣe synthesizer kan fún San Francisco Tape Music Center, ibi tí Morton Subotnick àti Ramon Sender ti ń ṣiṣẹ́. Sequencer wà lára rẹ̀, ó ní bọ́tìnnì yíyí fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń pinnu ìwọ̀n iná tí yóò lọ sí ibi tí ìró ti ń jáde. Irinṣẹ́ yìí ni Subotnick fi ṣe «Silver Apples of the Moon», tí ilé-iṣẹ́ Nonesuch gbé jáde ní ọdún 1967. Ẹ̀rọ tí Robert Moog náà ṣe, tí a ń pè ní 960, ní ìlà mẹ́ta, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbésẹ̀ 8.

Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ẹgbẹ́ olórin Tangerine Dream sọ ẹ̀rọ Moog di òpó orin wọn nínú àwo «Phaedra» tí ó jáde ní ọdún 1974. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń mú ìyípadà wá: bí ìyípo náà ti ń lọ, olórin yóò máa yí bọ́tìnnì kan gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, yóò pa ìgbésẹ̀ kan, yóò tan òmíràn. Ní ọdún 1977, Giorgio Moroder àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Munich lo sequencer fún orin «I Feel Love» tí Donna Summer kọ, ìró tí kò sinmi yìí sì wọ inú orin ijó káàkiri ayé.

Ẹ̀rọ ìlù Roland TR-808, tí wọ́n ṣe ní Japan ní ọdún 1980, ní bọ́tìnnì 16 tí a tò ní ìlà kan. Láti ìgbà náà ni òǹkà 16 ti di ohun tí a ń bá lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sequencer. Nígbà tí ó yá, àtẹ gidi tí ó ní ìbú àti òró dé. Monome, tí Brian Crabtree àti Kelli Cain bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2006, ní bọ́tìnnì 64 ní ìlà 8 lọ́nà 8. Tenori-on tí Toshio Iwai bá ilé-iṣẹ́ Yamaha ṣe, tí ó jáde ní ọdún 2007, ní bọ́tìnnì oníná 256 ní ìlà 16 lọ́nà 16. Lónìí, irú àtẹ yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ètò orin orí kọ̀ǹpútà àti orí fóònù.

Gígùn tí kò dọ́gba

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni kí a fún ìlà méjì ní gígùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìlà kan bá ní ìgbésẹ̀ 8 tí èkejì sì ní 4, ìlà kejì yóò yí po lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí àkọ́kọ́ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ papọ̀. Kò sí ohun tuntun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà kan bá ní ìgbésẹ̀ 5 tí èkejì ní 7, ìgbésẹ̀ 35 ni yóò kọjá kí wọ́n tó tún pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ìró tí ó wà nínú ìlà àkọ́kọ́ yóò máa bá ìró ọ̀tọ̀ pàdé nínú ìlà kejì.

Òǹkà tí ó ń sọ ìgbà tí wọn yóò tún pàdé ni òǹkà tí ó kéré jù lọ tí gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan lè pín láìṣẹ́kù. Fún 6 àti 8, òǹkà náà jẹ́ 24. Fún 15 àti 16, ó jẹ́ 240. Fún ìlà mẹ́rin tí ó ní ìgbésẹ̀ 7, 9, 11 àti 16, ó jẹ́ 11,088. Bí ìyára orin bá jẹ́ ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí ìlù kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbésẹ̀ 4, ìgbésẹ̀ 8 ni yóò kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìlà mẹ́rin yẹn yóò dún fún ìṣẹ́jú 23 àti ìṣẹ́jú àáyá 6 kí wọ́n tó padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbésẹ̀ 43 péré ni a kọ sórí àtẹ.

Àwọn olórin ti lo èrò yìí láìsí àtẹ rárá. Nínú «Piano Phase» tí Steve Reich kọ ní ọdún 1967, ẹni méjì ń tẹ ohùn kan náà tí ó ní nóòtù 12 lórí dùùrù. Ẹnì kan yóò máa yára díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fi nóòtù kan ṣíwájú ẹnì kejì. Nínú apá kan àwo «Music for Airports» tí Brian Eno gbé jáde ní ọdún 1978, ohùn ènìyàn tí ń kọ nóòtù ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà lórí téèpù tí a so ní òbìrí. Gígùn àwọn téèpù náà kò dọ́gba, nítorí náà àwọn ohùn ń pàdé, wọ́n sì ń pínyà ní ọ̀nà tí kò ṣe é sọ tẹ́lẹ̀ fún olùgbọ́.

Rírìn ní ìbú àti ní òró

Nínú ọ̀nà kejì, ẹ̀rọ kì í ka àtẹ láti òsì sí ọ̀tún nìkan. Aago kan ń gbé e rìn ní ìbú, aago mìíràn ń gbé e rìn ní òró. Ilé-iṣẹ́ Make Noise ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan báyìí tí ó ní ìlà 4 lọ́nà 4, wọ́n sì sọ ọ́ ní René ní ìrántí René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fi hàn pé òǹkà méjì tó láti sọ ibi tí nǹkan wà lórí pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú àtẹ bẹ́ẹ̀, tí àpótí kọ̀ọ̀kan ní nóòtù tirẹ̀:

1 2 3 4
5 6 7 8
9 10 11 12
13 14 15 16

Bí ẹ̀rọ bá ń sún sí ọ̀tún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tí ó kàn lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, àwọn nóòtù tí yóò dún ni 1, 2, 3, 8, 5, 6, 11, 12, 9, 14, 15, 16, lẹ́yìn èyí yóò padà sí 1. Nóòtù 4, 7, 10 àti 13 kò ní dún rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wà lórí àtẹ. Bí a bá yí i sí ìgbésẹ̀ márùn-ún márùn-ún, nóòtù mẹ́rìndínlógún yóò dún tán, ìyípo náà yóò sì gùn tó ìgbésẹ̀ 20, nítorí pé nóòtù kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan yóò dún lẹ́ẹ̀mejì. A kò fọwọ́ kan nóòtù kankan. Ọ̀nà tí a gbà kọjá láàárín wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Olórin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta mẹ́ta, kí ó yí i sí márùn-ún nígbà tí orin bá dé àárín, kí nóòtù mẹ́rin tí ó ti ń sá pamọ́ wá yọjú.

Ìṣèèṣì

Ọ̀nà kẹta ni kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ ta kókó fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ sequencer òde òní, a lè sọ fún ìgbésẹ̀ kan pé kí ó dún ní ìgbà 50 nínú 100. Bí gbogbo ìgbésẹ̀ 16 bá rí bẹ́ẹ̀, oríṣi ìlà 65,536 ni ó lè jáde, ó sì máa ń ṣòro fún etí láti rí ibi tí yóò dì mú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olórin fi ń fi ìṣèèṣì sí ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré, tí wọ́n ń jẹ́ kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ máa dún ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀rọ Turing Machine, tí Tom Whitwell ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn. Bọ́tìnnì ńlá kan ni ó ń pinnu bí ohùn orin ṣe ń ṣe ìrántí ara rẹ̀. Bí a bá yí i sí ọ̀tún pátápátá, ìyípo náà yóò tì, yóò máa tún ara rẹ̀ wí láìyí padà. Bí ó bá wà ní àárín, gbogbo ìgbésẹ̀ di ìṣèèṣì. Láàárín ibi méjèèjì ni ohùn orin ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ká ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 16 ní àǹfààní ìgbà 5 nínú 100 láti yí padà. Bíi ìyípo 44 nínú 100 ni yóò kọjá láìsí ìyípadà kankan. Nínú àwọn tí ó kù, nóòtù kan tàbí méjì ni yóò sábà yí. Olùgbọ́ yóò ní àkókò láti mọ ohùn náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níbẹ̀.

Kí ìṣèèṣì má baà mú ohùn tí kò bára mu wá, ẹ̀rọ máa ń fa gíga ohùn kọ̀ọ̀kan mọ́ nóòtù tí ó súnmọ́ ọn jù nínú àwọn nóòtù tí a ti yàn. Nóòtù márùn-ún, dò, re, mí, sọ́ àti lá, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé èyíkéyìí nínú wọn lè tẹ̀lé òmíràn láìdun etí.

Àtẹ onígbèésẹ̀ 16 àti ìlù onígbèésẹ̀ 12

Òǹkà 16 tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ sequencer bá orin tí a ń kà ní mẹ́rin mẹ́rin mu. Kì í ṣe gbogbo orin ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìlù agogo kan wà tí ó tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ orin ń pè ní «standard pattern», tí Anthony King sì kọ nípa ìlò rẹ̀ nínú orin Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ìlù yìí náà ni a ń gbọ́ nínú bembé ní Kúbà, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá ti pa orin òrìṣà mọ́. Ìgbésẹ̀ 12 ni ó ní, a sì ń lu agogo ní ìgbésẹ̀ 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12.

Bí ènìyàn bá kọ ọ́ sórí àtẹ onígbèésẹ̀ 16 láìdín gígùn rẹ̀ kù, ìdákẹ́jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rin yóò wọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìlù náà yóò sì di òmíràn. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe ni kí a dín gígùn ìlà náà kù sí 12. Lẹ́yìn náà, agogo yìí lè di ohun tí kò yí, kí ohùn orin onígbèésẹ̀ 5 máa yí lórí rẹ̀. Ìgbésẹ̀ 60 ni yóò gbà kí méjèèjì tó tún bẹ̀rẹ̀ papọ̀.

Ní ọdún 2005, Godfried Toussaint, tí ó ń kọ́ni ní McGill University ní Kánádà, fi hàn pé ìṣirò àtijọ́ tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Euclid lè mú ọ̀pọ̀ irú ìlù báyìí jáde, nípa pípín iye ìlù kan sáàárín iye ìgbésẹ̀ kan kí àlàfo wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìlù 3 nínú ìgbésẹ̀ 8 mú èyí tí àwọn ará Kúbà ń pè ní tresillo jáde. Ìlù 7 nínú ìgbésẹ̀ 12 mú àlàfo agogo tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè jáde, bí a bá yí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ sequencer ti ní ìṣirò yìí nínú báyìí. Àlàfo kan náà tún ni ó wà láàárín àwọn bọ́tìnnì funfun dùùrù: bí a bá ka bọ́tìnnì 12, funfun àti dúdú, láti orí dò, àwọn funfun ni 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12.

Ohùn orin àti ohùn èdè

Nínú èdè tí ó ní ohùn bíi Yorùbá, yíyí ohùn orin padà lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ilé ìwé, àmì ohùn mẹ́ta ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé gẹ́gẹ́ bíi dò, re, mí. «Ìgbà» jẹ́ dò dò, «igba» jẹ́ re re, «igbá» jẹ́ re mí. Bí olórin bá fi ìgbésẹ̀ méjì gbé ọ̀rọ̀ «igbá», tí ìṣèèṣì sì fa ìgbésẹ̀ kejì wálẹ̀ láti mí sí re, igbá ti di igba. Ohun tí ẹ̀rọ kà sí ìyípadà kékeré ti di ọ̀rọ̀ mìíràn sí etí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ohùn tí a fẹ́ kí ó dà bí ọ̀rọ̀ ìlù dùndún.

Èyí kò sọ pé a kò lè lo ẹ̀rọ náà fún orin tí ó ní ọ̀rọ̀. Ìbáṣepọ̀ àárín ohùn kan àti èyí tí ó tẹ̀lé e ni etí ń gbọ́, kì í ṣe gíga kan pàtó. Nítorí náà, a lè gbé gbogbo ìlà náà lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìba ọ̀rọ̀ jẹ́. A tún lè fẹ àlàfo àárín nóòtù méjì tàbí kí a dín in kù, níwọ̀n ìgbà tí èyí tí ó ga bá ṣì ga ju èkejì lọ. Ohun tí ó léwu ni kí ìṣèèṣì máa yan nóòtù fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlà tí ó gbé ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a tì. Ìlà àwọn ohun èlò tí ó ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni a lè fi sílẹ̀ fún ìyípadà.

Àpẹẹrẹ fún ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ìlà mẹ́ta tó láti gbọ́ bí gbogbo èyí ṣe ń ṣiṣẹ́, lórí ètò èyíkéyìí tí ó bá gba kí a yí gígùn ìlà padà.

Ìlà àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀: ìgbésẹ̀ 8, nóòtù méjì péré, dò ní ìgbésẹ̀ 1 àti sọ́ ní ìgbésẹ̀ 5. Ìlà yìí kò gbọdọ̀ yí padà.

Ìlà kejì, ohùn àárín: ìgbésẹ̀ 7, nóòtù mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú dò, re, mí, sọ́ àti lá, kí àwọn ìgbésẹ̀ yòókù dákẹ́.

Ìlà kẹta, ohùn òkè: ìgbésẹ̀ 5, nóòtù méjì, kí ọ̀kan nínú wọn máa dún ní ìgbà 50 nínú 100.

Ìgbésẹ̀ 280 ni yóò kọjá kí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tún bẹ̀rẹ̀ papọ̀, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 35 ní ìyára ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá pa ìlà àkọ́kọ́, àwọn méjì yòókù kò ní yí padà rárá, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún etí láti mọ ibi tí orin dé. Bí a bá tún tan án, ìyípadà náà yóò tún hàn gbangba.

Ààlà rẹ̀

Ìyípo gígùn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú orin tí ó ń lọ síbì kan. Ìlà mẹ́rin tí ó gba ìṣẹ́jú 23 láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lè dà bí ohun kan náà láti ìṣẹ́jú kejì lọ, nítorí pé nóòtù kan náà ni ó ń tún ara rẹ̀ tò. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí orin gbóná, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó parí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ olórin ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dún fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a sì yan ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó dára jù lọ. Àwọn mìíràn ń dúró ti àtẹ náà nígbà tí orin ń lọ, wọ́n ń tan ìlà kan, wọ́n ń pa òmíràn, wọ́n sì ń yí gígùn padà, kí ìyípadà tí ẹ̀rọ ń ṣe lè bá èyí tí wọ́n fúnra wọn fẹ́ mu.